Ààlọ́ Inú Kọ̀ǹpútà: Àgbéyẹ̀wò River City gẹ́gẹ́ bí Ìtàn tí a fi Kọ́ni ní Sáyẹ́ǹsì

Ìfáárà

Ó ti pẹ́ tí àwa olùkọ́ Yorùbá ti ń sọ ọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni àlọ́ jẹ́ láyé àtijọ́. Nígbà tí a bá ń to àǹfààní rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ìwà ni a máa ń kà sílẹ̀: àlọ́ ń kọ́ ọmọ ní sùúrù, ó ń kìlọ̀ ojúkòkòrò fún un, ó ń jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ̀tàn kì í mú ènìyàn dé ibi rere. A kì í sábà kà á mọ́ àǹfààní àlọ́ pé ó lè kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní iṣẹ́ tirẹ̀, àwa náà ní tiwa, ògiri sì wà láàárín kíláàsì méjèèjì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún yìí, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Chris Dede ṣe aṣáájú wọn, gbìyànjú láti wó irú ògiri bẹ́ẹ̀. Wọ́n hun ìtàn kan sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n pè é ní River City, wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ti àwọn ọmọ girama kékeré wa lọ bí a ti í ṣe ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ti kọ ohun púpọ̀ lórí iṣẹ́ yìí. Ohun tí a kò tíì rí kí wọ́n ṣe ni láti yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí ìtàn, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè tí à ń bi ìtàn àròsọ àti àlọ́: níbo ni ibùdó ìtàn? Ta ni ẹ̀dá ìtàn? Ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ta sì ni a pa lẹ́nu mọ́? Iṣẹ́ tiwa nìyẹn, òun náà ni a fẹ́ ṣe níhìn-ín.

Àbá tí a fẹ́ gbè lẹ́sẹ̀ ni pé ìdákẹ́ ni ó ń kọ́ ọmọ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, èyí ni ibi tí ìtàn ti dúró tí ó ń retí ohùn agbálọ̀ọ́. Bí ìdákẹ́ yìí bá wà, ọmọ yóò kẹ́kọ̀ọ́, ìbáà ṣe kọ̀ǹpútà ni a lò tàbí ẹnu lásán. Bí kò bá sí, ẹ̀rọ tí ó wọ́n jù lọ láyé kò lè dí àlàfo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ èdè gan-an, nítorí pé èdè ni ọmọ yóò fi dí àlàfo ìdákẹ́ náà.

Ìtàn náà

Lónìí, bí a bá dárúkọ ayé àtọwọ́dá inú ẹ̀rọ, awò ńlá tí à ń dè mọ́ ojú ni ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó bá dè é yóò rí ara rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun tàbí lórí òṣùpá. Bí ó bá yí orí, ayé náà yóò yí pẹ̀lú rẹ̀. River City kò lo awò bẹ́ẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà lásán ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò, bọ́tìnnì ni wọ́n sì ń tẹ̀. Kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà dé orí ọ̀rọ̀ awò níwájú.

Ìlú kan ni River City, odò là á kọjá. Ọdún 1878 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò olówó wà níbẹ̀, àdúgbò tálákà náà wà, níbi tí ilé ti fún mọ́ ilé. Ilé-iṣẹ́ wà, ilé ìwòsàn wà, yunifásítì sì wà. Àìsàn ń jà ní ìlú náà, olórí ìlú, tí wọ́n ń pè ní méyọ̀, kò sì mọ ohun tí ó fà á. A wá rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ayé òde òní padà sí ayé ìgbà náà, ní ẹgbẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n lọ fi ìmọ̀ àti irinṣẹ́ òde òní ran ìlú lọ́wọ́.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àwòrán kan tí ó dúró fún un, tí ó ń bá a rìn káàkiri ìlú. Ó lè tọ olùgbé ìlú lọ kí ó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ó lè ka ìwé tí a kọ orúkọ aláìsàn sí ní ilé ìwòsàn. Ó lè bu omi ní ibi púpọ̀ kí ó sì fi máíkírósíkóòpù, awò tí ń sọ ohun tín-ín-rín di ńlá, yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè ka iye ẹ̀fọn tí ó wà ní àdúgbò kan. Ìgbà mẹ́rin nínú ọdún ni wọ́n ń wọ ìlú náà, kí wọ́n lè rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà láti ìgbà òtútù dé ìgbà ooru.

Èyí tí ó dùn jù nínú àhunpọ̀ ìtàn náà ni pé àìsàn ìlú kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́ta ni, wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn bí okùn: ọ̀kan ń ti inú omi wá, ọ̀kan ń ti ara ènìyàn kan dé ara ẹlòmíràn gba inú afẹ́fẹ́, ẹ̀fọn ni ó sì ń gbé ẹ̀kẹta káàkiri. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ṣa wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò dá àbá kan lórí ohun tí wọ́n rò pé ó fa àìsàn kan, wọn óò sì yẹ àbá náà wò. Lẹ́yìn náà wọn óò kọ lẹ́tà sí olórí ìlú láti gbà á ní ìmọ̀ràn, wọn óò sì wá fi èrò ẹgbẹ́ kan wé ti èkejì nínú kíláàsì.

Ibùdó ìtàn àti àkókò rẹ̀

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìṣègùn yóò mọ̀ pé wọ́n fi ọgbọ́n mú ọdún 1878. Ní ọdún náà gan-an ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ jà ní ẹ̀bá odò Mississippi ní Amẹ́ríkà, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 5,000 ní ìlú Memphis nìkan. Àwọn dókítà ìgbà náà kò mọ ohun tí ó ń gbé àìsàn náà káàkiri. Òórùn burúkú ni ọ̀pọ̀ wọn ń nà ní ìka. Ọdún 1881 ni Carlos Finlay, dókítà ará Kúbà, tó sọ ọ́ pé ẹ̀fọn ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ó di ọdún 1900 kí Walter Reed àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ tó fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀ ní Kúbà kan náà. Ọdún 1883 ni Robert Koch rí kòkòrò àìfojúrí tí ń fa onígbáméjì, ọdún 1897 sì ni Ronald Ross fi hàn pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ń gbé.

Nítorí náà, ní 1878 inú ìtàn náà, kò sí àgbàlagbà kan tí ó mọ ìdáhùn. Ọmọdé ni ó mọ̀ ju dókítà lọ. Irú ìyípadà báyìí kò ṣàjèjì sí wa nínú lítíréṣọ̀. A mọ bí ó ṣe ń dùn mọ́ òǹwòran tí ó bá mọ ohun tí ẹ̀dá orí ìtàgé kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe River City kò jẹ́ kí adùn náà di ọ̀lẹ sí ọmọ lára. Ọmọ ti gbọ́ nílé pé ẹ̀fọn ń fa ibà, ó sì ti gbọ́ pé omi ìdọ̀tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìmọ̀ yìí wúlò, ṣùgbọ́n kò tó. Aláìsàn tí ó dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀ yìí ńkọ́: omi ni ó mu ni, tàbí ẹ̀fọn ni ó jẹ ẹ́, tàbí aládùúgbò rẹ̀ ni ó wúkọ́ sí i lójú? Èyí kò sí nínú ìwé tí ó há sórí. Ó di dandan kí ó lọ wádìí.

Agbálọ̀ọ́ di ẹ̀dá ìtàn

A mọ̀ pé oríṣi àlọ́ méjì ni Yorùbá ní, àlọ́ àpamọ̀ àti àlọ́ àpagbè, àti pé kò sí èyí tí apàlọ́ lè dá pa nínú méjèèjì. Nínú àpagbè, bí àwọn agbálọ̀ọ́ kò bá gbe orin, ìtàn kò ní lọ síwájú. Nínú àpamọ̀, bí wọn kò bá dáhùn, eré ti bàjẹ́. River City súnmọ́ àlọ́ àpamọ̀ jù, nítorí pé ó ń to ìṣe ohun kan sílẹ̀, ó sì fi orúkọ rẹ̀ pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú àlọ́ tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀, èyí tí ó sọ nípa ohun tí ń hó tí ọmọ aláìgbọràn kan kò sì bẹ̀rù láti ki orí bọ̀. Ọmọrogùn ni ìdáhùn. Kí ni ó jẹ́ kí a gba ọmọrogùn, tí a kò gba ẹja? Ẹja náà ń wọ inú ìkòkò tí ń hó. Ṣùgbọ́n ẹja kì í fúnra rẹ̀ dà á rú, kì í sì í jáde bí ó ti wọlé. Ọmọ tí ó ń já àlọ́ kò lè fi àmì kan ṣoṣo dáhùn. Gbogbo àmì ni ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá mu, bí ọ̀kan bá sì kọ̀, ó di kí ó wá òmíràn. Bí a bá wò ó dáadáa, ohun tí onísáyẹ́ǹsì ń ṣe sí àbá rẹ̀ nìyí. Ọmọ tí ó sọ pé omi ni ó ń pa ará River City yóò bá aláìsàn pàdé ní ibi tí omi ti mọ́. Yóò padà sẹ́yìn, yóò tún èrò rẹ̀ tò.

Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà jábọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ara jin ìwádìí náà, títí kan àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu. Ẹni tí ó ti rí kíláàsì tí ó ń sùn lórí àkàyé tí ó sì jí gìrì nígbà tí a ké "Ààlọ́ o!" mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Ibi tí àlọ́ tiwa kù sí

Ṣùgbọ́n kí a má fi ìfẹ́ ilé bo àléébù mọ́lẹ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa a máa sọ ọ́ pé sáyẹ́ǹsì Yorùbá wà nínú àlọ́, pé kí a sáà máa pa á fún ọmọ ó tó. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlọ́ wa ni ó parí pẹ̀lú "ìdí nìyí": ìdí nìyí tí ẹ̀yìn ìjàpá fi rí págunpàgun, ìdí nìyí tí ẹranko kan fi ń sá fún èkejì. Ìdí náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí agbálọ̀ọ́ lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọmọ bá béèrè pé "Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?", ìdáhùn ni pé báyìí ni àwọn baba wa sọ ọ́. Nínú àlọ́ àpamọ̀ pàápàá, ọ̀dọ̀ apàlọ́ ni ìdáhùn wà. Bí ọmọ bá mú ohun mìíràn tí ó bá gbogbo àmì mu wá, apàlọ́ ṣì lè sọ pé kò gbà á.

Ibi tí River City ti kọjá àlọ́ wa nìyí. Kò fi ìdájọ́ sí ọwọ́ apàlọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá ti dá àbá, wọn óò rí ìlú méjì: ọ̀kan bí ó ti wà, èkejì tí a yí ohun kan ṣoṣo padà nínú rẹ̀. Wọn óò tún ka àwọn aláìsàn nínú ìlú méjèèjì. Bí iye wọn bá yàtọ̀, ohun tí a yí padà yẹn ni ó fà á, nítorí pé kò sí ìyàtọ̀ mìíràn. Bí kò bá yàtọ̀, àbá wọn ti ṣubú, kò sì sí àgbà tí ó ní láti bá wọn wí.

Ìlú méjì yìí kì í ṣe àròsọ lásán. Ó ṣẹlẹ̀ rí ní Lọ́ńdọ̀nù, dókítà kan tí ń jẹ́ John Snow ni ó sì rí i. Ní apá gúúsù ìlú náà, ilé-iṣẹ́ méjì ni ó ń ta omi fún ará ìlú. Lambeth ti gbé ibi tí ó ti ń fa omi lọ sí òkè odò Thames ní 1852, kúrò níbi tí ìdọ̀tí ìlú ń dà sí. Southwark and Vauxhall ṣì ń fa tirẹ̀ láàárín ìdọ̀tí náà. Páìpù àwọn méjèèjì gba òpópónà kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò méjì lè máa mu omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí onígbáméjì jà ní 1854, Snow ka òkú. Nínú ilé 10,000 tí ń mu omi Southwark and Vauxhall, ẹni 315 ni ó kú. Nínú ilé 10,000 tí ń mu ti Lambeth, ẹni 37. Òórùn kan náà ni wọ́n jọ ń fà símú. Omi nìkan ni ó yàtọ̀.

Àléébù River City

A ti yin iṣẹ́ yìí. Ó kù kí a sọ ibi tí ó ti kùnà. Àkọ́kọ́, ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀ kò jinlẹ̀. Olùgbé ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí a fi sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà sì wà níbẹ̀ kí ọmọ lè rí àmì mú jáde. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ nítorí ibi tí ó ti ń pọnmi. A kò bá a sunkún. Ẹ fi í wé Ìjàpá, tí a mọ ojúkòkòrò rẹ̀, tí a mọ ọgbọ́n àrékérekè rẹ̀, tí a ń bínú sí tí a sì ń fẹ́ kí ó mórí bọ́. Bí ènìyàn bá di àmì lásán, ọmọ lè já àlọ́ náà láìmọ̀ pé ikú ni ó ń kà.

Èkejì, ìtàn náà fi àdúgbò tálákà hàn, ṣùgbọ́n kò bi ọmọ bóyá àwọn tálákà ni ó yan ibẹ̀. Ta ni ó ni ilé tí wọ́n ń gbé? Ta ni ó pàṣẹ ibi tí a ń da ìdọ̀tí sí? Ọmọ tí a kò bi ní irú ìbéèrè yìí lè jáde pẹ̀lú èrò pé ìwà ọ̀bùn tálákà ni ó pa á. Sáyẹ́ǹsì lè sọ pé omi ni. Ìtàn ni ó yẹ kí ó sọ ẹni tí ó ba omi jẹ́.

Ẹ̀kẹta, lẹ́tà sí olórí ìlú ni òpin ìwádìí, bí ẹni pé bí ẹni tí ó wà lókè bá ti gbọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn aláṣẹ ìlera Lọ́ńdọ̀nù kò gba ọ̀rọ̀ Snow. Ó kú ní 1858 láìrí i kí wọ́n gbà á. Bí a ti ń yí àwọn ènìyàn lọ́kàn padà pẹ̀lú ẹ̀rí jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ onísáyẹ́ǹsì, apá yìí sì ni ẹ̀kọ́ èdè lè kọ́ni jù lọ.

Ọ̀rọ̀ awò

Lẹ́yìn River City, ẹ̀rọ ti di ọ̀tun. Awò tí à ń dè mọ́ ojú ti jáde, àwọn oníṣòwò sì ń sọ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pé ọmọ tí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lọ tí ó sì fojú ara rẹ̀ rí i yóò mọ̀ ọ́n ju èyí tí ó kà á nínú ìwé lọ. Ìwádìí kò tì wọ́n lẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Ní 2018, Jocelyn Parong àti Richard Mayer ti Yunifásítì Kalifọ́níà ní Santa Barbara fi awò mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan rìn nínú ara ènìyàn. Wọ́n fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí a tò tẹ̀léra lójú kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn mìíràn ní ẹ̀kọ́ kan náà. Àwọn tí ó lo awò gbádùn rẹ̀ jù. Àwọn tí ó wo àwòrán ni ó dáhùn ìbéèrè jù. Ní 2019, Guido Makransky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú àbájáde bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti bá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 52 ṣiṣẹ́: yàrá ìwádìí inú awò jẹ́ kí wọ́n rò pé àwọn wà níbẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ kéré sí ti ojú kọ̀ǹpútà lásán. Nígbà tí wọ́n wọn iṣẹ́ ọpọlọ wọn, ẹrù ti pọ̀ jù fún un.

Ohun tí Parong àti Mayer tún ṣe lẹ́yìn èyí ni ó kàn wá jù. Wọ́n gé ìrìn inú awò náà sí wẹ́wẹ́. Ní òpin ìpín kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró, kí ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ ní ṣókí. Ẹ̀kọ́ wọn dára sí i, ìgbádùn wọn kò sì dín kù. Àwa tí a ti gbe orin àlọ́ rí mọ ìdí rẹ̀. Orin àlọ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ó ń dá ìtàn dúró, kí agbálọ̀ọ́ lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí a tó lọ síwájú.

Kí ilé-ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kò tó má sì rò pé òun ti pàdánù ayé. Google gbé ètò Expeditions jáde ní 2015, èyí tí ó ń fi awò alápáálí mú ọmọ lọ wo ilẹ̀ òkèèrè; ní 2021, ilé-iṣẹ́ náà pa á tì. Ẹ̀rọ ní ọjọ́ ikú tirẹ̀. Ìtàn tí olùkọ́ mọ̀ ọ́n pa kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè

Bí ìdákẹ́ bá ṣe pàtàkì tó bí a ti wí yìí, èdè tí ọmọ yóò fi dáhùn ni ọ̀ràn tí ó kù. Ọmọ tí a dá ìtàn dúró fún, tí kò sì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ èrò rẹ̀, yóò dákẹ́ pẹ̀lú ìtàn ni. A ti rí ẹ̀rí pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, títí kan sáyẹ́ǹsì, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́. Síbẹ̀, ìlànà tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá 2022, pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ni Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde ní oṣù kọkànlá 2025 pé a ti fagi lé. Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Inú kíláàsì Yorùbá nìkan ni àyè kù sí fún ọmọ láti fi èdè rẹ̀ ronú nípa ayé tí ó yí i ká. Kí a má fi àyè náà ṣòfò.

A kò sọ pé èdè wa ti pé fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "kòkòrò". Ẹ̀fọn, kòkòrò ni. Ohun tí ń fa onígbáméjì nínú omi, kòkòrò ni à ń pè é pẹ̀lú. Ọmọ tí ó bá dé River City tí ó sì sọ pé "kòkòrò ni ó fà á" kò tíì ya àìsàn omi sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn ẹ̀fọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ibà", tí ó ń jẹ́ orúkọ àìsàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá dákẹ́, tí ó wá béèrè pé "Kòkòrò wo? Èyí tí ń fò ni, tàbí èyí tí ojú kò lè rí?", ọmọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ọ̀rọ̀ náà sí méjì: kòkòrò tí ń gbé àìsàn, àti kòkòrò àìfojúrí tí ó ń fa àìsàn náà gan-an. Ó ti kọ́ sáyẹ́ǹsì, ó sì ti kọ́ èdè. Àwọn àgbà wa ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún gírámà àti lítíréṣọ̀ nínú èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bamgboṣe ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990. Iṣẹ́ ṣì kù láti ṣe lórí ti sáyẹ́ǹsì.

Ohun tí a lè ṣe

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì jókòó pọ̀, kí wọ́n sọ ọ̀ràn John Snow di ìtàn ọjọ́ mẹ́ta, láìsí kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ kìíní, kí olùkọ́ sọ bí onígbáméjì ṣe jà ní Lọ́ńdọ̀nù, àti bí àwọn dókítà ṣe ní òórùn ni. Kí ó dákẹ́. Kí ó béèrè pé: bí ó bá jẹ́ òórùn, àwọn wo ni ó yẹ kí ó kú jù? Kí ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, kí ó sọ ti ilé-iṣẹ́ omi méjèèjì àti páìpù wọn tí ó gba òpópónà kan. Kí ó tún dákẹ́, kí ó má tíì dárúkọ iye. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ iye tí wọ́n ń retí bí òórùn bá jẹ̀bi, àti èyí tí wọ́n ń retí bí omi bá jẹ̀bi. Níhìn-ín ni ọmọ ti ń kọ́ pé ó yẹ kí àbá sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, kí ó kọ 315 àti 37 sójú pátákó. Ẹnìkan yóò béèrè ohun tí ó pa àwọn 37 nígbà tí omi wọn mọ́. Kí olùkọ́ má yára dáhùn. Ìbéèrè yẹn sàn ju ìdáhùn mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ pé àwọn aláṣẹ kò gba Snow gbọ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá kọ lẹ́tà méjì, ọ̀kan sí àwọn aláṣẹ, èkejì sí ìyá kan tí páìpù Southwark and Vauxhall wọ ilé rẹ̀. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ àti lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ ni a ti kọ́ wọn yẹn, nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí ó wà lọ́wọ́ wa lónìí. Ẹ̀dá ìtàn tí River City fi jẹ́ àmì lásán ti di ènìyàn tí a ní láti bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́.

Ìgúnlẹ̀

A ti fi hàn pé River City jẹ́ àlọ́ àpamọ̀ tí ó ní ìlú méjì fún onídàájọ́, pé ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti àlọ́ wa, àti pé ìdákẹ́ inú rẹ̀ ni agbára rẹ̀. A sì ti fi hàn pé awò ojú kò lè fún ọmọ ní ìdákẹ́ náà bí ẹni tí ó ṣe ìtàn kò bá fi sí i. Bí ẹ̀rọ bá dé ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́la, kí a gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kí a sì bi í ní ìbéèrè tí à ń bi gbogbo apàlọ́: níbo ni o ti dúró fún ọmọ láti gbè é? Bí kò bá sì dé, omi kànga wà ní àdúgbò gbogbo wa, àìsàn wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tí ó ń mu ún sì jókòó síwájú wa ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan kọ irú ìtàn ọjọ́ mẹ́ta báyìí kan kí sáà tí ń bọ̀ tó wọlé, kí a mú wọn wá sí ìpàdé, kí a sì yẹ̀ wọ́n wò láàárín ara wa.